Wọ́n Ní Ọlọ́run Ló Kó Òjé Sínú Ẹrẹ̀ Okrika

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí ní Okrika, torí inú tó ń bí mi kò tíì rọ̀!

Láàbù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Port Harcourt. Iléeṣẹ́ kan tó wà ní Okrika sanwó fún ọ̀gá mi pé kó yẹ ẹrẹ̀ etídò ibẹ̀ wò, torí àwọn ará ibẹ̀ ní òjé, irin olóró yẹn, ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ló fà á, wọ́n gbọ́dọ̀ kó ẹrẹ̀ náà kúrò. Bó bá jẹ́ àdáyébá, ó parí nìyẹn.

Mama Ibiso, ará ìlú náà kan, ló mú wa débẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń ṣa ìṣáwùrú tí òun àtàwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Ó tilẹ̀ bá wa fa páìpù gígùn tá a rì sínú ẹrẹ̀ jáde. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ páìpù ló pẹ́ jù, tòkè ni ti ayé ìsinsìnyí.

Kò sí ẹrẹ̀ tí kò ní òjé díẹ̀. Ìdí nìyí tá a fi ń wo ìsàlẹ̀, ká lè mọ èyí tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ní kí iléeṣẹ́ tó dé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Nísàlẹ̀, òjé táṣẹ́rẹ́. Lókè, ó kún fọ́fọ́! Bẹ́ẹ̀ irú ẹrẹ̀ kan náà ni o.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ọ̀gá mi ṣe? Ó yọ èsì ìsàlẹ̀ kúrò nínú rípọ́ọ̀tù! Ó ní kí n fọwọ́ sí i, kí n sì panu mọ́. Mo sì fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà! Ẹ̀rù iṣẹ́ mi ló bà mí.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ó dúró níwájú àwọn ará ìlú, ó ní Ọlọ́run ló dá òjé mọ́ ilẹ̀ wọn. Ó sọ Ọlọ́run di agbódegbà!

Mama Ibiso dìde. "Oga, I follow una draw that pipe. Wetin dey for bottom?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Màmá wá yíjú sí mi. "My daughter, if na God put am, why e full for top, come scarce for down?"

Ojú tì mí! Mo dìde, mo tú gbogbo rẹ̀ síta. Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Kì í ṣe iṣẹ́ yẹn ló ń dùn mí. Ẹni tí kò wọ láàbù rí ló béèrè ohun tí èmi tí mo kàwé rẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sírọ́ o! Ṣé wọ́n ti ní kẹ́yin náà fọwọ́ sí i rí? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí.

Ní tèmi, iléeṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àwọn máa tún ẹrẹ̀ náà yẹ̀ wò ni. Mama Ibiso ṣì ń ṣa ìṣáwùrú níbẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì ń jẹ ẹ́.