Igbá Ẹmu tí Bàbá Mi Ń Dojú Rẹ̀ Délẹ̀

Àǹtí Bọ́lájokò, àbúrò bàbá mi, ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí láyé. Bí òórùn ẹmu bá ti kàn mí nímú, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí bàbá mi pàápàá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu wọ ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Ìjàrè sí Àkúrẹ́. Ẹmu náà ń hó lábẹ́ ìdérí, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo inú ọkọ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí fi ìborùn bo imú. Èmi fa òórùn náà símú dáadáa, ọkàn mi sì ti padà sí ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Oǹdó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu ọtí láti inú ike bí ẹni ń mu omi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí bàbá mi ṣe ń mu tirẹ̀. Kòkó ló ń gbìn ní Bọ́lọ́rundúró. Bó bá ti oko dé lọ́jọ́ Sátidé, á wẹ̀, á jẹ iyán, kí adẹ́mu tó gbé agbè dé. Kì í mu ún láìjẹun. Igbá rẹ̀ kéré, ó dúdú, ó ń dán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti sán, ìyá mi sì ti fi òwú rán an. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mu ún, á máa fi ìka yọ oyin tó bá kú sínú rẹ̀. Bó bá mu igbá kan tán, tàbí méjì bí àlejò bá wà, á dojú igbá náà délẹ̀ lórí ẹní. Nílé tiwa, ẹnikẹ́ni kì í bu ẹmu fún ẹni tó bá ti dojú igbá rẹ̀ délẹ̀, bó tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́. "O tún ti dé e! Ṣé ìyàwó ló ń ṣọ́ ọ ni?"

"Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fẹ́ fi wọlé," ni bàbá mi á wí. "Ìwọ, ta ló gbé ọ délé ní Sátidé tó kọjá?"

Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tó ti dojú igbá rẹ̀ délẹ̀, bàbá mi ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ wọ́, apá rẹ̀ kan kò gbéra mọ́, kò sì pẹ́ tó fi kú. Àǹtí Bọ́lájokò wá kí wa láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ti wà nílé ọkọ kí bàbá mi tó mú àṣà igbá yẹn, kò sì mọ̀ ọ́n. Ó rí agbè, ó rí igbá tó dojú délẹ̀, ó pinnu pé ọwọ́ ọ̀mùtí ló dà á nù.

"Ẹmu ti pa ẹ̀gbọ́n mi o!"

Mo pariwo pé, "Bàbá ló dé e fúnra wọn! Wọ́n ti mu tiwọn tán!"

Ó gbá mi lẹ́nu. "Pa ẹnu mọ́! Kí ni ọmọdé mọ̀?"

Ohun kan náà ló lọ sọ fún àwọn alàgbà ìjọ. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé òkú bàbá mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò sì lu agogo fún un. Nígbà tí àǹtí mú mi lọ sí Àkúrẹ́ láti lọ kàwé, "ọmọ ọ̀mùtí" ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè mí, ó sì ń gbọ́.

Mo kàwé náà. Mo di nọ́ọ̀sì, mo sì tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹnu wọn wọ́ bíi ti bàbá mi, tí ọtí kò kan ètè wọn rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kò sì sẹ́ni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ wò fún àgbẹ̀ nígbà yẹn. N kò ní purọ́ fún yín pé ẹmu ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọtí kì í ṣe oògùn, bó ti wù kó kéré tó, ẹni tí kò bá sì mu ún rí kò nídìí láti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi mọ ìwọ̀n, mo sì fẹ́ kí wọ́n sin ín bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Àǹtí Bọ́lájokò yìí kan náà ni mo ń lọ kí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi wáìnì pupa ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, wọ́n ní ó dára fún ọkàn. Ó ń mu ife kan fún ọkàn, ó ń mu òmíràn kí ti àkọ́kọ́ lè ṣiṣẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò náà. Dókítà ti ní kó má fi ẹnu kan wáìnì mọ́, mo sì rán an létí.

"Ọmọ yìí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ti le jù," ló wí. "Báwo ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń mu tiẹ̀ gan-an?"

Láti ìgbà tó ti gbá mi lẹ́nu, kò bi mí rí. Mo sọ gbogbo rẹ̀: iyán, òwú tó wà lára igbá, ẹní, àti ìdí tí igbá náà fi dojú délẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. N kò fi ohùn tútù sọ ọ́. Igbá ti lọ, kẹ́ẹ̀gì ló kù, àwọn tó ń tà á sì ń bu ṣúgà sí i. Ara ènìyàn kò yí padà ní tirẹ̀: ó ṣì ń fẹ́ kí a mọ ìgbà tó tó. Àwọn alàgbà yẹn ti kú, agogo kò sì ní dún fún bàbá mi mọ́. N kò tíì dárí ji àǹtí.

Ó wo ife tó wà níwájú rẹ̀ títí, ó tì í sọ́dọ̀ mi.

"Da ìyókù nù, kí o bá mi dojú rẹ̀ délẹ̀ bíi ti ẹ̀gbọ́n mi."