Ohùn Ìyá Másífà

Òórùn kọfí tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Àbíjàn ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa l'Éjìgbò, òun àti òórùn epo jẹnẹrétọ̀. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn kọfí bẹ́ẹ̀, àyà mi á já. Jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á fún ọ, ọ̀rẹ́ mi.

A fẹ́ dá ìkànnì ìròyìn sílẹ̀, káwọn èèyàn wa ní Àbíjàn lè máa mọ ohun tó ń lọ nílé. Olóòtú wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí n yan sọ́fúwià tí a ó máa fi gbé ìròyìn jáde. Méjì ló kù lọ́wọ́ mi. Èkíní kò wu ojú rárá, àmọ́ ó gbà kéèyàn fi ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Èkejì, háà, ó ń dán! Ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà jíjìn ló ni ín, ọ̀dọ̀ wọn sì ni gbogbo ẹrù wa máa wà. Olóòtú wò ó títí.

"Tá a bá fẹ́ kó jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ta ló ń kó jáde nínú ilé tó dára?" Ẹnu mi yìí náà ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Èkejì la mú.

Ojú ewé tí àwọn àgbà ti ń kí ọmọ wọn lẹ́yìn odi làwọn èèyàn fẹ́ràn jù. Mo gba ohùn ìyá arúgbó kan sílẹ̀ ní ìlú Másífà nítòsí wa, lábẹ́ igi ọsàn wọn. "Àbẹ̀kẹ́ mi, mo ti ní kí wọ́n kun yàrá rẹ lọ́dà. Ṣáà máa bọ̀." Wọ́n wúkọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, ewúrẹ́ ké lẹ́yìn wọn. Mo gbé e sórí ìkànnì, mo sì pa á rẹ́ lórí fóònù mi kí àyè lè wà. Ó ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ló tún lè ṣe é?

Ìyá kú láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn aáfà sì ti sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ wọn ò lè tètè dé láti Àbíjàn kó bá ìsìnkú náà. Ohùn yẹn ló kù fún un, ó sì ń gbọ́ ọ láràárọ̀. Kò pẹ́ sí i, ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. A ṣí ìkànnì wa, ojú ewé funfun la bá. Mo kọ̀wé títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Olóòtú ò bú mi. Kọfí wọn ni Bàbá ń mu, wọn ò wo ojú mi. Ó sàn kí wọ́n bú mi.

Àbẹ̀kẹ́ ń pè mí ṣáá. "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti rí i?" Nígbà tó yá, ó ní, "Pàdọ́ǹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ bá mi sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Mo wúkọ́ níbi tí wọ́n ti wúkọ́, mo rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ohùn wọn kọ́," ló sọ jẹ́jẹ́. Ó dúpẹ́, kò sì pè mí mọ́.

Sọ́fúwià èkíní tí kò wu ojú la padà ń lò báyìí. Ohùn èèyàn ni wọ́n fi sí mi lọ́wọ́, ẹwà lásán ni mo ń wò. Ìyá Másífà ṣì ń sọ̀rọ̀ létí mi, tàwọn tewúrẹ́ wọn. Èmi nìkan ló ń gbọ́ wọn, èmi kọ́ sì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.