Ohùn Tí Wọ́n Ní Kò Gbọdọ̀ Rìn Kiri

Mo rántí ìgbà tí ohùn àwọn ọmọdé máa ń kún inú fóònù mi lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, tí ilé mi ní Ìbà kò dákẹ́ bó ṣe dákẹ́ lónìí. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ni mí nígbà náà, ní iléèwé kan ní Òkòkómáíkò. Nínú kíláàsì, gbogbo ọmọ ló máa ń ké Fátíhà pọ̀, aláìmọ̀kan á sì sá pamọ́ sábẹ́ ohùn ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo lọ ra fóònù ní Àlàbá, mo ní kí oníkálùkù máa fi fóònù òbí rẹ̀ ké tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Èmi náà á ké e padà, màá fi ibi tó ti ṣì í hàn án. Mo rò pé iléèwé yóò ṣe ayẹyẹ láti yẹ́ mi sí. Mo tilẹ̀ ti rán aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Àfáà tí a jọ ń kọ́ni ló gbé ẹjọ́ mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá iléèwé. “Àlájà, ohùn obìnrin kò gbọdọ̀ máa rìn kiri nínú fóònù onífóònù.”

“Àfáà, èyí tí ẹ ń gbọ́ láti kíláàsì mi lójoojúmọ́ ńkọ́? Ṣé ti ọkùnrin ni?”

Ọ̀gá, onígbàgbọ́ ará Èkìtì, rẹ́rìn-ín. “Àlájà, ẹ bá mi fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yín ni, mi ò fẹ́ wàhálà.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa ètò náà. Ọmọbìnrin Àfáà fúnra rẹ̀ nìkan ni kò dáwọ́ dúró. Fóònù ìyá rẹ̀ ló ń lò, títí tó fi mọ bí lẹ́tà háà ṣe ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde.

Láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ní mọ́ṣáláṣí kan ní Ọ̀jọ́, Àfáà gbé fóònù sẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn. “Ọmọ mi rèé. Orí fóònù ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ òkè òkun ní kéú. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lajú.” Gbogbo èrò ń ṣe máṣá Alláà. Kò sọ ẹni tó kọ́ ọ. Ìyá mi a máa ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Èmi lóṣòó tì í. Mo retí pé kó tiẹ̀ wo apá ibi tí àwa obìnrin jókòó sí. Kò wò ó.

Ohùn ọmọ náà jáde. Ó ń dánu dúró níbi tí mo ní kó ti máa dánu dúró. Ibì kan ṣoṣo ló ti sáré. Mo tún un ṣe fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí mo ṣe máa ń ṣe é láyé ìgbà yẹn. Obìnrin tó jókòó tì mí ní kí n jọ̀ọ́, kí n dákẹ́, òun fẹ́ gbọ́ ọmọ Àfáà.

Mo ṣì máa ń gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìrun mi ní àṣálẹ́. Bí mo bá sálámà láti parí ìrun, èmi nìkan ló máa ń dá ara mi lóhùn.