Orin Méjì Nínú Ilé Ìkẹ́rùsí

Lánàá, ará Ṣáínà kan ń sọ̀rọ̀ sórí fóònù ní Tina Junction, mo sì ṣàdédé fọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Búkúrù, Fadá ará Áyálándì kó wa pamọ́ sínú ilé ìkẹ́rùsí ṣọ́ọ̀ṣì: èmi, màmá mi, àbúrò mi ọmọ ọwọ́, àti ará Ṣáínà kan tó máa ń ra kuza, ìyẹn tánganran inú ilẹ̀, lọ́wọ́ àwọn awakùsà. Èéfín táyà ń wọlé.

Màmá mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu. "Má sọ Yorùbá o! Wọ́n á dá wa mọ̀."

Ni àbúrò mi bá bú sẹ́kún.

"Kawo shi, Mama," ni Fadá wí, pé kó gbé e wá, ó gbà á, ó sì ń kọrin sí i létí. Èdè abúlé rẹ̀ ń há lọ́fun bí ẹni tó fẹ́ húkọ́. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ará Ṣáínà gbà á, òun náà sì ń kọrin. Ohùn tirẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ bíi tiwa, àmọ́ n kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo rò pé èdè òyìnbó kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, bí Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀ṣà. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì nínú wọn.

Ẹnìkan gbá ilẹ̀kùn. "Su wa ke ciki?" Ta ló wà níbẹ̀?

Orin dá. A ò mira. Àbúrò mi tó ti sùn nìkan ló ń mí bó ṣe wù ú.