Táyà Tó Jò ní Challenge, àti Irọ́ Tí Mo Pa

Òórùn rọ́bà gbígbóná àti ti bọ̀ọ̀lì tí obìnrin kan ń sun lẹ́bàá gọ́tà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní Challenge, níbi tí títì ti ń dà lọ sí Ring Road. Táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ti pẹlẹbẹ bí àkàrà tí ènìyàn jókòó lé. Bàbá mi wà níjòkòó iwájú nínú bùbá funfun tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ọsibítù ní Jericho, fáìlì wọn wà lórí itan. Bí o bá ti dúró de dókítà ojú rí, wàá mọ bí inú ṣe bí mi tó: oṣù méjì la fi retí ọjọ́ yẹn, dókítà náà kì í sì í pẹ́ kọjá aago méjìlá.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá mi fi wa ọkọ̀ ìjọba kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú wọn. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, òjìji lásán ni wọ́n ń rí. Síbẹ̀, n kò tíì ṣílẹ̀kùn tán tí àṣẹ fi bẹ̀rẹ̀.

"Fa bíréèkì ọwọ́. Tan iná kó máa ṣẹ́jú. Kí o sì mú mi sọ̀ kalẹ̀. A kì í gbé ọkọ̀ sókè tòun tènìyàn nínú."

Mo mú wọn lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbọ̀ọ̀lì. Wọ́n ní kí n gbé àmì pupa onígun mẹ́ta lọ sẹ́yìn, kó jìnnà dáadáa. Wọ́n ní kí n fi òkúta há táyà iwájú. Wọ́n ní kí n dẹ nọ́ọ̀tì kí n tó gbé ọkọ̀ sókè, torí táyà tó bá ti kúrò nílẹ̀ á kàn máa yí tẹ̀lé sípánà ni. Mo ń ṣe é, mo ń kùn. Ẹni tó so nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn so wọ́n bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú wọn mọ́ láyé. Mo gun orí sípánà, mo ń fò sókè sódò pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, onítakisí kan sì yọrí sí mi: "Màdáàmù, ẹ gbé e kúrò lọ́nà jàre!"

Ọkùnrin kan tó ń kọjá wá dúró, ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún lòun máa fi ṣe é. Bàbá mi ní kó kọ́kọ́ ti sípíà, táyà tí a fẹ́ fi rọ́pò, sábẹ́ ọkọ̀, kí ọkọ̀ lè rí nǹkan bà lé bí jáàkì bá yẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo mọ̀ ọ́n ṣe."

"Bí o bá mọ̀ ọ́n ṣe, tì í sábẹ́."

Ó wo aago rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún. "Bàbá, ẹ ti lé e lọ!"

"Jẹ́ kó lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ẹsẹ̀ mi gbọ́ ọ. Wá pákó fi sábẹ́ jáàkì."

Mo fi ẹsẹ̀ ti sípíà sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n pákó? Òdìkejì títì ni ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wà, aago mọ́kànlá sì ti ń lọ lù. Mo wo ojú wọn tí kò rí mi, mo ní, "Mo ti fi sí i, Bàbá."

Ọkọ̀ gòkè, mo yọ táyà tó jò. Mo lóṣòó, ẹsẹ̀ mi kan wà lábẹ́ irin, mo fẹ́ fa sípíà jáde, ni mo gbọ́ tí jáàkì ké kín-ín. Ó rì, ó fì, ọkọ̀ já lu sípíà gbìì! Àlàfo tó wà láàrin irin àti ẹsẹ̀ mi kò ju ìka mẹ́ta lọ.

Bàbá mi ti dìde. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n ń bọ̀ níhà ariwo náà, wọ́n ń ké orúkọ mi lóhùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Oníbọ̀ọ̀lì ló dì wọ́n mú kí wọ́n má baà já sí gọ́tà.

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Bàbá."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Pákó ńkọ́?"

Irọ́ kejì kò lè jáde. "N kò fi sí i."

Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "O mọ̀ pé mi ò ríran," wọ́n sì padà lọ jókòó. Obìnrin oníbọ̀ọ̀lì náà fa pákó kan yọ lábẹ́ àpótí rẹ̀, ó ní, "Ṣé èyí lẹ ń wá? Ẹ ò ṣáà béèrè."

Nígbà tí a dé Jericho, dókítà ti lọ. Wọ́n tún dá ọjọ́ mìíràn fún wa.

Ó pẹ́ kí n tó gbà fún ara mi pé kì í ṣe táyà ló bí mi nínú jù lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tí mò ń fà lọ́wọ́ ṣì ń pàṣẹ fún mi. Èyí tó ń dùn mí títí dòní ni pé mo fi àìríran wọn rẹ́ wọn jẹ, ní ojú títì, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ìgbà náà, n kì í bu òtítọ́ kù fún wọn mọ́. Nígbà tí dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níkẹyìn, tó ní ojú tó ti lọ kò ní padà, àti pé kí n rọra wá ọ̀nà kan gbé e gbà, inú ọkọ̀ ni mo ti sọ ọ́ fún wọn bí ó ṣe rí gan-an. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Ó dáa. Máa sọ ohun tó wà níwájú fún mi." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mo ń rí lójú títì, n kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, títí a fi délé.