Àwọn Ọ̀tá Késárì ní Etíkun Dún Laoghaire

Títí dòní ni òórùn Dún Laoghaire ṣì wà nímú mi: koríko òkun tó ń rà lára òkúta, èéfín epo dísẹ̀lì láti inú ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ọ̀dùnkún díndín tí wọ́n da omi kíkan fínígà lé lórí. Ìwọ náà mọ Dublin ìgbà yẹn, ọ̀rẹ́ mi. Owó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú ni, kéréènì tí wọ́n fi ń kọ́lé gíga kún ojú ọ̀run, àmọ́ àwa ará ilé ò tíì pọ̀. Bí o bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnìkan lójú títì, wàá sáré sọdá lọ kí i. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ìtàn nílé ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì. Oníròyìn lọkọ mi. Ó ti kọ ohun tó bí àwọn ológun tó ń ṣèjọba nínú, wọ́n sì ń wá a kiri. Ó ti sá pamọ́ sóko ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lẹ́yìn Ṣakí. Yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ náà àti bàbá mi ní Ìbàdàn, èmi nìkan ni mo rò pé mo mọ ibẹ̀.

Kí ìrònú má baà pa mí ni mo ṣe lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe láàárọ̀ Sátidé, lórí ìtàn Róòmù àtijọ́, nínú yàrá òkè kan nítòsí èbúté. Bàbá arúgbó kan, ọmọ Ireland, ló ń kọ́ wa. Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin kan dé, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà tó ní, "Àbúrò, ẹ kú òtútù o," omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ó máa ń gbé àkàrà wá nínú bébà dídán, bí kíláàsì bá sì ti parí, a ó jọ rìn lórí afárá gígùn tó wọnú òkun lọ. Ó máa ń béèrè ọkọ mi. "Ṣé ó ń jẹun dáadáa níbi tó wà? Ṣé ọ̀dọ̀ ẹbí ni?" Mo kà á sí ìfẹ́. Ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè nǹkan kan nípa mi.

Sátidé kan, bàbá yẹn sọ fún wa nípa àwọn ọ̀tá Késárì Tìbéríù. Mo ti rò pé àwọn ọ̀gágun tó kó ọmọ ogun jọ ni yóò sọ̀rọ̀ wọn. Rárá o. Ó sọ nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sábínù, tí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó ṣì ń lọ kí opó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ, ìdílé tí Késárì kórìíra. Àwọn ọlọ́lá kan tó ń wá ojú rere ọba dìtẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn bá a ṣọ̀rẹ́, ó bá a kẹ́dùn, ó sì mú un wọ yàrá lọ kó lè tú ohun tó wà níkùn rẹ̀ síta. Mẹ́ta ti fara pamọ́ sókè àjà, wọ́n tẹ́tí sí ihò. Wọ́n pa Sábínù. Láti ọjọ́ náà, àwọn ará Róòmù ò lè bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láì kọ́kọ́ wo òkè àjà àti ara ògiri. Olùkọ́ wa pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní, "Grand, so. Tea," pé ó parí, ká lọ mu tíì. Èmi ò lè dìde. Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà.

Nígbà tá a dé orí afárá, afẹ́fẹ́ ń já ìborùn mi gbà. Ẹ̀gbọ́n ní, láì wo ojú mi, "Ṣé kì í ṣe ọ̀nà Ṣakí lọ́hùn-ún lọkọ ẹ wà báyìí?"

N kò dárúkọ Ṣakí fún un rí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ Ṣakí fún yín?"

Ó dúró. Ó di irin etí afárá mú bí ẹni tí òòyì ń kọ́. "Wọ́n ti mú àbúrò mi," ó ní. "Ọ̀gá kan fóònù mi láti Èkó. Ó ní Ṣakí làwọn fura sí, kí n ṣáà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ, àwọn á tú u sílẹ̀."

Mo la ẹnu. Ó yára fọwọ́ bò ó.

"Má dá mi lóhùn! Má sọ bẹ́ẹ̀ ni, má sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí mi ò bá mọ̀, wọn ò lè gbà á lẹ́nu mi. Lọ pe àwọn èèyàn ẹ. Màá ní o sọ pé ó ti wà ní Gánà tipẹ́."

"Àbúrò yín ńkọ́?"

Ó yí padà, ó ń lọ sọ́nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

Mo wọ àpótí tẹlifóònù kan lẹ́bàá títì, mo ń kó owó ẹyọ jọ látinú àpò mi. Níbẹ̀ ni ẹ̀rù tó ju ti àkọ́kọ́ lọ ti dé bá mi. Tó bá jẹ́ pé pańpẹ́ lèyí náà ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ìpè yìí gan-an ni wọ́n ń dúró dè? Bí n kò bá pè, wọ́n lè mú un. Bí mo bá pè, ó lè jẹ́ èmi ni màá fi ọ̀nà hàn wọ́n. Mo gbàdúrà, mo sì tẹ nọ́ńbà bàbá mi.

"Bàbá, ẹ káàsán, sà. Mo gbọ́ pé òjò ti ṣú lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó aṣọ mi tó wà níta wọlé."

Bàbá mi ní, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi."

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá láìsí ìròyìn. Bí àjà ilé tí mo gbà bá dún, màá jí. Bí ẹnìkan bá kí mi ní Yorùbá nínú bọ́ọ̀sì, màá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mi ò lọ sí kíláàsì mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pè mí sí fóònù ní òtẹ́ẹ̀lì, ohùn ọkọ mi ni, láti Kútọnu, ó gbẹ bí igi. Ó ti fẹsẹ̀ rìn gba igbó sọdá ààlà. Ó ní kò pẹ́ tóun kúrò táwọn sọ́jà ya bo oko náà.

Wọn ò tú àbúrò Ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. Ìgbà tí olórí ológun yẹn kú ló tó jáde, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì lè dé orí rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí ọkọ mi ti wá bá mi, àbúrò náà wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì jọ wá sílé wa ní Hartstown, ní Dublin. Òun àti ọkọ mi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń pariwo lé rẹfirí lórí. Ọmọbìnrin mi tá a bí síbí wọ́ mi láṣọ ní kíṣìnnì: "Mam, is she your actual sister, like?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó lè sọ ohun tó ti wà lọ́kàn mi. Mo kúnlẹ̀ nídìí síńkì, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ọkàn yín ò yẹ̀ rárá."

Ó fà mí dìde. "Ta ló sọ fún ẹ pé kò yẹ̀?" ó ní. "Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé fóònù láti sọ pé Ṣakí ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e kalẹ̀."

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àwọn tí kì í dalẹ̀ ẹni, Ọlọ́run ló dá ọkàn tiwọn bí irin, pé wọn kì í ṣe irú àwa tí ẹ̀rù máa ń bà. Ṣé o rí i, ìgbà tí mo gbọ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ ni mo tó mọ bí ohun tó ṣe fún mi ti pọ̀ tó.