Obìnrin Tí Wọ́n Ní Kí N Má Kà

"Ẹ má ka ìyẹn mọ́ wa, ìyáàfin. Ẹ kọ mẹ́fà."

Ohun tí bàbá onílé kan sọ fún mi nìyẹn, ní abúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé, lọ́jọ́ tí ìbínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ kíka ènìyàn ni mo ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá fẹ́ pín nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tàbí kí wọ́n fún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára, àwa la máa ń kọ́kọ́ lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àti ṣọ́ọ̀kì. Ilé tí a bá kà tán, a ó kọ nọ́ńbà sára ògiri rẹ̀. Lójú ẹlòmíràn, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, àfi bí ajá abúlé bá lé onítọ̀hún.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gá Làmídì, ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde, mo wọ agbo ilé kan, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ní, "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbí?" Ìyá àgbà kan ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló rán ọ wá ka ọmọ fún mi?" Eré ni mo fi jáde. Ọ̀gá Làmídì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ni wọ́n wí. "Béèrè pé ta ló sùn síbí mọ́jú òní. Bí wọ́n bá ti ń dárúkọ, kí o máa kà á sínú."

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, mo rí i pé fọ́ọ̀mù àwọn ilé kan ń ní ihò láàárín. Bàbá àgbà wà, ìyá àgbà wà, àwọn ọmọ ọmọ wà. Àwọn tó yẹ kó máa roko, kó máa bímọ, kó máa tọ́jú arúgbó kò sí. Àwọn kan wá iṣẹ́ lọ sígboro lóòótọ́. Àwọn mìíràn ti wà nínú sàréè. Ẹ bi àwọn ará ilé pé kí ló pa wọ́n, wọn á ní ibà ni, wọn á ní ayé ni. Ẹni tó bá tilẹ̀ láyà láti fẹnu kan HIV, àrùn kògbóògùn ni yóò pè é. Inú máa ń bí mi sí orúkọ yẹn! Oògùn rẹ̀ wà ní ọsibítù ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ ń ṣiṣẹ́, ó sì lè bí ọmọ tí kò ní kòkòrò náà lára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ wá oògùn ohun tí gbogbo ìlú ti ń pè ní kògbóògùn?

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, bàbá náà dárúkọ ara wọn, ìyàwó wọn méjì, àbíkẹ́yìn wọn, àti ọmọ ọmọ méjì. Mo ti gbé ṣọ́ọ̀kì sógiri nígbà tí mo gbọ́ ikọ́ láti inú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó àgbàdo sí lẹ́yìnkùlé.

"Bàbá, ta nìyẹn?"

"Ìyàwó ọmọ mi tó kú ni. Òun ló pa á. Òun náà ò ní pẹ́ lọ. Ẹ má ka ìyẹn mọ́ wa."

"Òkú kì í wúkọ́, bàbá."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní abúlé mìíràn, wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún mi rí. Ohun tí olórí ilé wí ni mo kọ. Kí nẹ́ẹ̀tì tó dé, wọ́n ti sin ọmọbìnrin náà. Ìdí nìyí tí n kò fi dúró gbàṣẹ lọ́jọ́ yìí. Mo gba ẹ̀gbẹ́ bàbá kọjá, mo ṣílẹ̀kùn.

Rùkáyà lorúkọ rẹ̀. Mo rò pé ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n lòun. Wọ́n gbé ògì sẹ́nu ọ̀nà fún un nínú abọ́ tó ti ya létí, bí ẹni ń bọ́ ajá.

"Ta ló yẹ̀ ọ́ wò?"

"Kò sẹ́nìkan, mà. Ìgbà tí ọkọ mi kú ni mo rí káàdì ọsibítù wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti mọ̀ pé àwọn ní kòkòrò náà kí n tó lóyún ọmọ wa kejì."

Ara mi gbóná. Mo yíjú pé kí n lọ sọ ọ́ síta, kí gbogbo agbo ilé mọ ẹni tó gbé àrùn náà wálé. Rùkáyà di ìró mi mú.

"Ẹ má sọ fún wọn, mà. Oúnjẹ wọn làwọn ọmọ mi ń jẹ."

Mo gbé e mì. Kò sí ohun tó korò tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbé mì rí. Mo jáde, mo sì sọ fún bàbá pé, "Ẹni méje ni mo kọ. Lọ́la, èmi àti nọ́ọ̀sì ń bọ̀. Bí a ò bá bá ẹni méje, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún ìjọba." Irọ́ ni. Ìjọba kò ní bi wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bàbá kò mọ̀.

Wọ́n fẹjọ́ mi sùn ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá tuntun ní mo tàbùkù àgbàlagbà, ó ní kí n pa méje rẹ́, kí n kọ mẹ́fà. Mo kọ̀. Ó fún mi ní ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ.

Nọ́ọ̀sì bá mi lọ, a sì gbé Rùkáyà àtàwọn ọmọ méjèèjì lọ sí ọsibítù. Rùkáyà ní kòkòrò náà. Èyí ẹ̀gbọ́n kò ní in. Èyí àbúrò ní in. Ọmọ ọdún mẹ́ta! Ká ní bàbá rẹ̀ la ẹnu ni, tí ìyá rẹ̀ bá oògùn pàdé nínú oyún, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà bọ́. Mo bú òkú lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì tíì tọrọ àforíjì.

Ìyá àti ọmọ ń lo oògùn. Rùkáyà sanra, ó padà sídìí iṣẹ́ aṣọ rírán tó kọ́, ó gba yàrá kan ní Olódò, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀. Òun ló ń rán aṣọ fún mi báyìí.

Lọ́jọ́ kan tí mo lọ gba bùbá, ta ló wọlé bí kò ṣe bàbá ọkọ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n wo Rùkáyà títí.

"Alihamudulilai. Ìyàwó wa, o mà ti sanra."

Rùkáyà kúnlẹ̀, ó gbé àga fún wọn, ó bu omi nínú ife tí òun fúnra rẹ̀ ń lò. Bàbá wo ife náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n mu ún tán. Wọ́n kí mi, mo ń wo ẹ̀rọ ìránṣọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Rùkáyà ní, "Mà, èmi ti dárí jì wọ́n o."

Mo ní ó ṣe dáadáa. Èmi ò tíì dárí jì wọ́n.